Gílóòbù Olówó Pọ́ọ́kú Tó Ń Jẹ Owó Ńlá

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kan gbogbo wa. Gílóòbù ni. Gílóòbù tí a ń fi síbi àjà, tí a kì í rántí mọ́ àfi lọ́jọ́ tó bá kú.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí ẹ lọ ra gílóòbù gbẹ̀yìn, kí lẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ọlọ́jà? Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń bèèrè: "Èló ni?" Bí ọlọ́jà bá ti dárúkọ iye, a ó ní, "Ṣé kò sí èyí tó dínwó ju èyí lọ?" Ó sì máa ń wà. A ó sanwó, a ó gbé e relé, a ó rò pé a ti san owó gílóòbù tán. A ò tíì san án tán o. Àsansílẹ̀ ni èyí tí a san fún ọlọ́jà. Inú mítà la ti ń san ìyókù, lálaalẹ́, títí gílóòbù náà yóò fi kú. Owó méjì ló wà lórí gílóòbù kan: owó ọjà àti owó iná. Owó ọjà lojú wa ń rí. Owó iná ló pọ̀ jù.

Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀ nílé wa. Gílóòbù pupa ni àkọ́kọ́, èyí tí a bá lọ́wọ́ àwọn bàbá wa, tí wáyà tín-ín-rín wà nínú dígí rẹ̀. Èkejì ni èyí tí gbogbo wa ń pè ní ẹ́nájì, dígí funfun tó lọ́ mọ́ra wọn. Ẹ̀kẹta ni LED, tó gbòde kan báyìí. Iná gígùn tí a máa ń rí ní ṣọ́ọ̀bù àti ní kíláàsì, ẹ̀gbọ́n ẹ́nájì ni, nítorí náà púpọ̀ nínú ohun tí mo bá sọ nípa ẹ́nájì kan òun náà.

Báwo ni gílóòbù pupa ṣe ń ṣiṣẹ́? Iná mànàmáná máa ń gba inú wáyà tín-ín-rín yẹn kọjá, yóò mú un gbóná títí yóò fi pọ́n, tí yóò sì máa tàn yòò. Ooru ló ń bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni àléébù rẹ̀ wà. Bí a bá pín iná tó ń jẹ sí ọ̀nà 100, bíi 5 péré ló ń di ìmọ́lẹ̀. Ooru ni gbogbo ìyókù. Ẹ na ọwọ́ sí ìtòsí rẹ̀ nígbà tó bá ti tàn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ má fọwọ́ kàn án o, ẹ ó mọ ibi tí owó yín ń gbà lọ. Nínú ooru oṣù kẹta ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, a ó tún wá tan fáànù láti fi lé ooru tí a fi owó ara wa rà.

Kí ló dé tí kì í pẹ́ kó tó jó? Ìtàn wà níbẹ̀. Lọ́dún 1924, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe gílóòbù pàdé ní ìlú Geneva, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Phoebus. Osram ti ilẹ̀ Jámánì wà níbẹ̀, Philips ti ilẹ̀ Netherlands náà wà níbẹ̀. Wọ́n fẹnu kò pé wákàtí 1,000 ni kí gílóòbù máa tàn mọ, bẹ́ẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, àwọn kan ń tàn tó wákàtí 1,500, àwọn mìíràn tó 2,000. Ilé iṣẹ́ tí gílóòbù rẹ̀ bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, owó ìtanràn ni yóò san. N kò ní parọ́ mọ́ wọn: bí wáyà inú gílóòbù bá ṣe gbóná sí i ni ìmọ́lẹ̀ tó ń mú jáde lórí iná kan náà ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe ń yára já. Nítorí náà wọ́n ní àwíjàre díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bu owó ìtanràn lé ẹlòmíràn nítorí pé ọjà rẹ̀ ń pẹ́, èrè ara rẹ̀ ló ń wá. Ogun Àgbáyé Kejì ló tú ẹgbẹ́ náà ká, àmọ́ wákàtí 1,000 ṣì ni ọjọ́ orí gílóòbù pupa títí di òní. Ẹni tó bá ń tan án fún wákàtí márùn-ún lálẹ́, kò ní lò ó pé oṣù méje.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí wáàtì, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Wáàtì kì í ṣe ìmọ́lẹ̀. Mo tún un sọ: wáàtì kì í ṣe ìmọ́lẹ̀. Iye iná tí gílóòbù ń jẹ ni wáàtì. Ìmọ́lẹ̀ tó ń mú jáde ní ìwọ̀n tirẹ̀, lumen ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sára páálí gílóòbù tó bá jẹ́ ojúlówó. Ká ní ẹ gba alágbàṣe méjì sóko. Ọ̀kan jẹ odindi ìkòkò àmàlà kó tó kọ ọgọ́rùn-ún ebè. Èkejì jẹ òkèlè mélòó kan, òun náà kọ ọgọ́rùn-ún ebè. Èwo lẹ ó tún pè lọ́dún tó ń bọ̀? Gílóòbù pupa oníwáàtì 60 ń mú ìmọ́lẹ̀ bíi 800 lumen jáde. Ẹ́nájì oníwáàtì 14 tàbí 15 ń mú iye yẹn jáde. LED oníwáàtì 9 náà ń mú un jáde. Ebè kan náà, oúnjẹ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù, tó ní kí wọ́n fún òun ní LED oníwáàtì 60 fún yàrá nítorí pé 60 ni òun mọ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, yóò fi délé kí ojú máa ta á.

Ó ti tó àkókò láti ṣe ìṣirò díẹ̀, n kò ní jẹ́ kó le. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 ni àwọn tó wà ní Band A, àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí lójúmọ́ fún, ti ń san owó tó lé ní 200 náírà lórí yúníìtì kan. Náírà 225 ni wọ́n kọ́kọ́ kéde, wọ́n sì dín in kù díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ jẹ́ ká mú 200 gbáko.

Gílóòbù pupa kan tó ń tàn fún wákàtí márùn-ún lálẹ́ yóò jẹ yúníìtì 9 lóṣù. Ìyẹn jẹ́ 1,800 náírà. LED oníwáàtì 9 tó tàn fún iye wákàtí kan náà kò ní jẹ tó yúníìtì kan àti ààbọ̀. Ìyẹn jẹ́ 270 náírà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sọ́kàn: 1,800 ní apá kan, 270 ní apá kejì. Ìmọ́lẹ̀ kan náà, alẹ́ kan náà, nínú pálọ̀ kan náà. Ẹ́nájì wà láàárín wọn pẹ̀lú bíi 420 náírà, ó sì sún mọ́ LED gan-an.

Ká wá ní gílóòbù pupa jẹ́ 500 náírà lọ́jà, kí LED tó dára jẹ́ 1,500. Àpẹẹrẹ lásán ni mo mú o, nítorí ẹ mọ bí owó ọjà ṣe ń yí padà. Ẹ ó ní LED fi 1,000 náírà wọ́n jù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí oṣù kan tó pé, LED náà yóò ti dá 1,000 yẹn padà sí yín lápò, yóò sì lé. Bí ilé bá ní gílóòbù mẹ́fà, ohun tí ẹ ń fi pamọ́ lóṣù kan lé ní 9,000 náírà. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni gílóòbù pupa ṣe ń wọ inú mítà wa tí a kò fura.

Ẹni tí kò sí ní Band A ńkọ́, tí yúníìtì kan ò ju nǹkan bíi 65 náírà lọ lọ́dọ̀ rẹ̀? LED yóò san owó ara rẹ̀ padà fún òun náà. Oṣù méjì tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ ló kàn máa gbà. Bí iná rẹ̀ kì í bá wá tó wákàtí márùn-ún lálẹ́, yóò tún pẹ́ sí i díẹ̀.

Ẹnì kan wà, àmọ́ ṣá, tí ìṣirò yìí kò bá mu. Ẹni tí kò ní mítà ni. Ìwé iná àfojúdá ni wọ́n ń gbé fún un lóṣooṣù. Ó tan gílóòbù pupa, ó tan LED, ó tilẹ̀ rìnrìn àjò fún ọ̀sẹ̀ méjì, iye kan náà ni wọ́n ń kọ fún un. Èyí dùn mí púpọ̀, nítorí pé ó ń kọ́ àwọn ènìyàn pé kò sí àǹfààní nínú ṣíṣọ́ iná lò. Bí ẹ bá wà ní ipò yìí, mítà ni kí ẹ kọ́kọ́ máa lé kiri, kí ẹ tó ka èrè gílóòbù.

Síbẹ̀, àǹfààní kan wà tí kò bá mítà tan, ìyẹn lórí ínfátà àti sólà. Bátìrì tó lè tan gílóòbù pupa mẹ́fà fún wákàtí kan péré yóò tan LED mẹ́fà fún ohun tó ju wákàtí mẹ́fà lọ. Ẹ ò rí i pé ìyàtọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn. Ilé tó ń fi gílóòbù pupa sórí ínfátà ń ra bátìrì ńlá láti fi mú ilé gbóná. Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ yàtọ̀ ní tirẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé bí àwọn bá ti fi LED sílé, epo jẹnẹrétọ̀ àwọn yóò di ìdajì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ń mu epo púpọ̀ kódà nígbà tí kò bá gbé nǹkan kan. Epo yóò dín kù díẹ̀, kò ní dín kù tó bí wọ́n ṣe rò ó.

Ẹ jẹ́ ká yà sọ́dọ̀ ẹ́nájì. Ẹ́nájì ti ṣe gudugudu méje nígbà tirẹ̀. Lọ́dún 2005, ilẹ̀ Kúbà, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú sọ di ilé, bẹ̀rẹ̀ sí í pa gílóòbù pupa rẹ́ nílé gbogbo, nítorí pé iná wọn kò káárí mọ́. Wọ́n rán àwọn ọ̀dọ́ láti ojúlé dé ojúlé. Wọ́n ń yọ gílóòbù pupa, wọ́n ń fi ẹ́nájì sípò rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kúbà yìí kan náà ló bá àjọ ECOWAS àti Energy Commission ti Nàìjíríà pawọ́ pọ̀ lẹ́yìn náà láti pín ẹ́nájì fún àwọn ilé nílẹ̀ wa níbí. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan nínú yín rántí.

Kí ló wá dé tí a fi ń sọ pé kí á fi í sílẹ̀? Mẹ́kúrì ni. Mẹ́kúrì díẹ̀ wà nínú dígí ẹ́nájì, májèlé sì ni. Kò lè pa yín lára nígbà tí dígí bá wà lódindi. Ìgbà tó bá fọ́ ni kí ẹ ṣọ́ra. Bí ẹ́nájì bá fọ́ nínú yàrá, ẹ kó àwọn ọmọdé jáde, ẹ ṣí fèrèsé, kí gbogbo yín sì kúrò níbẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ má fi ọwọ̀ gbá a o! Ọwọ̀ yóò tú u ká ni. Ẹ fi páálí líle kó àfọ́kù rẹ̀, ẹ fi aṣọ tútù tí ẹ kò ní lò mọ́ nu ilẹ̀, kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ike tó ní ìdérí. Nítorí mẹ́kúrì yìí ni àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn Minamata lórí mẹ́kúrì, Nàìjíríà sì wà lára wọn, fi fẹnu kò lọ́dún 2022 pé nígbà tí ọdún 2025 bá fi máa parí, kí ṣíṣe irú ẹ́nájì ilé yìí àti títà á láti ilẹ̀ kan sí èkejì ti dópin. Nítorí náà, ẹni tó ní ẹ́nájì tó ń tàn dáadáa, kó máa lò ó lọ títí yóò fi kú. Mi ò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ra tuntun.

Ó ku LED. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Japan, Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura, ló rí ọ̀nà ṣe LED aláwọ̀ búlúù tó mọ́lẹ̀ dáadáa. Láìsí búlúù yẹn, a kì bá tí ní LED funfun nílé. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ lọ́dún 2014. LED tó dára lè tàn fún wákàtí 15,000, àwọn mìíràn tó 25,000. Ní wákàtí márùn-ún lálẹ́, ó lé ní ọdún mẹ́jọ.

Mo ti ń gbọ́ ohùn yín. "Ọdún mẹ́jọ kẹ̀? Èyí tí mo rà kò lò tó oṣù mẹ́ta!" Òótọ́ lẹ sọ, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Nínú ìdí gbogbo LED, ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń yí iná NEPA padà sí irú èyí tí LED lè lò. Dráífà ni àwọn oníná ń pè é. LED tí ẹ bá rí tó kú, kì í sábà jẹ́ LED ló kú, dráífà ló kú. Ẹni tó fẹ́ ṣe gílóòbù tí yóò tà ní pọ́ọ́kú, ara dráífà ni yóò ti dín owó kù. Bí iná bá wá gbé agbára wá lójijì, bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọ̀ wa nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un dé, dráífà tí kò lágbára yóò jó. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.

Báwo la ṣe fẹ́ mọ ojúlówó? Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ yẹ ara páálí wò, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ fóltéèjì sí. Èyí tí wọ́n bá kọ 85 sí 265 sí lára, wọ́n ṣe é fún ibi tí iná ti ń lọ sókè sódò bíi tiwa: yóò tàn nígbà tí iná kò lágbára, nígbà tí ẹ́nájì yóò kàn máa ṣẹ́jú, tí gílóòbù pupa yóò sì pọ́n bí ẹyín iná. Nítorí pé ẹnikẹ́ni lè tẹ nǹkan sára páálí, ẹ ní kí ọlọ́jà tan án níṣojú yín. Ẹ gbé kámẹ́rà fóònù yín kọjú sí i. Bí ẹ bá rí ìlà dúdú tó ń rìn kọjá lójú fóònù, iná náà ń ṣẹ́jú ju bó ṣe yẹ lọ, bí ojú lásán kò tilẹ̀ rí i. Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ mú òmíràn. Kí ẹ sì bèèrè gáráńtì. Ọjà Àlàbá lẹ ti rà á o, ìsọ̀ àdúgbò yín lẹ ti rà á o, ọlọ́jà tó bá dá ọjà rẹ̀ lójú yóò kọ déètì sí i lára pé bó bá kú kí ìgbà kan tó pé, kí ẹ mú un padà wá.

Nǹkan méjì ṣì wà tó ń pa LED tí a kì í fiyè sí. Ọ̀kan ni fífi í sínú ìdérí dígí tó pa pinpin. Òótọ́ ni pé LED kì í gbóná bíi gílóòbù pupa, àmọ́ ìdí rẹ̀ ń gbóná, dráífà kò sì fẹ́ràn ooru. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí i ló ti ń pẹ́. Èkejì kan àwọn tó ń sọ pé LED àwọn ń ṣẹ́jú fírífírí lóru lẹ́yìn tí àwọn ti pa á. Kì í ṣe iwin o. Nígbà mìíràn, iná pupa kékeré tó wà lára súìsì ló ń jẹ́ kí iná díẹ̀ máa jò wọlé. Nígbà mìíràn, ẹni tó ṣe wáyà ilé gbé súìsì sórí wáyà tí kò yẹ, tó fi jẹ́ pé iná ṣì wà ní hólídà bí a tilẹ̀ ti pa súìsì. Èyí léwu fún ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ gílóòbù. Ẹ pe oníná tó mọṣẹ́ kó wá wò ó.

Ní ti àwọ̀, kò gùn. Páálí máa ń ní 2700K tàbí 6500K. Èyí àkọ́kọ́ pupa rẹ́súrẹ́sú, ó tù ní yàrá ìsùn. Èkejì funfun gbòò, ó dára fún ibi tí ọmọ ti ń kàwé àti ibi ìdáná. Iye iná tí wọ́n ń jẹ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Ṣé gílóòbù pupa ti wá di aláìwúlò pátápátá ni? Rárá. Ẹ̀yin olósìn adìyẹ, mo mọ̀ pé ẹ ń dúró dè mí níbí. Òròmọdìyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa nílò ooru, ooru sì ni gílóòbù pupa mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ẹni tó bá lọ fi LED sórí òròmọdìyẹ nítorí pé ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi lórí rédíò, òtútù ni yóò pa àwọn adìyẹ rẹ̀. Níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí gílóòbù pupa máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni ti ẹni tí kò lówó láti pààrọ̀ gbogbo gílóòbù ilé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Níbo ni kó ti bẹ̀rẹ̀? Kó bẹ̀rẹ̀ níbi tí iná ti ń pẹ́ jù lóru. Iná ìta ni, èyí tó ń tàn láti ìrọ̀lẹ́ dé òwúrọ̀. Gílóòbù pupa kan níbẹ̀ ń jẹ ju ìlọ́po méjì èyí tó wà ní pálọ̀ lọ. Pálọ̀ ni kó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ibi ìdáná. Ti ilé ìwẹ̀ àti yàrá ìkẹ́rùsí, tí a ń tan fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, lè dúró dìgbà tí èyí tó wà níbẹ̀ bá jó fúnra rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, fáànù àti fíríìjì ni a ó gbé yẹ̀ wò.